Mo Ti Sanwó Ilé, Wọ́n Tún Fẹ́ Gé Omi

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ omi sì ni gbogbo wọn. Ó yà mí lẹ́nu, torí ohun tí ẹ sábà máa ń bi mí ni owó ìdógò tí onílé kọ̀ tí kò dá padà, àti eku. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ mí: ọdún 11 ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì àpáàtímẹ́ǹtì kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Èmi ni mo ń gba owó ilé, èmi ni mo ń fún àwọn èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, èmi náà ni mo ń gbé fóònù nígbà tí inú bá ń bí wọn. Mi ò kì í ṣe lọ́yà. Ìdí tábìlì yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, èyí tí mi ò mọ̀, mo máa ń bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kí n tó kọ ọ́ síbí.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọgbà tí à ń gbé ní Alief, ilé 180 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jí rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi àpótí lẹ́tà, pé ìlú máa gé omi ọgbà wa torí pé onílé jẹ gbèsè, wọ́n sì dá ọjọ́ sí i. Nígbà tí a fi máa ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ìwé náà ti pòórá. Máníjà ní ká má dá a lóhùn, pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n mò ń san owó omi lóṣooṣù o. Dọ́là 62 ni wọ́n gbà lóṣù tó kọjá, yàtọ̀ sí dọ́là 1,150 owó ilé. Ibo ni owó yẹn ń lọ? Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi, ẹni ọdún 74 ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn ni. Àwọn aládùúgbò ní kí gbogbo wa dá owó ilé dúró. Ṣé kí n tẹ̀lé wọn?*
*Ọmọ Ìjẹ̀bú, Alief, Houston*

Ẹ má dá owó ilé dúró o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó máa bá a lọ. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn aládùúgbò yín, inú bí èmi náà bí mo ṣe ń ka lẹ́tà yín. Ṣùgbọ́n ní Texas níbí, ayálégbé tí kò bá sanwó ilé, ìwé lè dé bá a pé kó kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kóòtù ló sì tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá dé iwájú adájọ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ẹ sanwó?" Ẹni tó bá ní "Rárá, torí omi ni," ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹjọ́ fún onílé jẹ. Òfin fún yín ní ọ̀nà mìíràn, ó sì sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ̀ ọ́.

Dọ́là 62 yín ńkọ́? Mítà ńlá kan, bóyá méjì, ni ìlú rì sílẹ̀ fún gbogbo ọgbà yín, orúkọ onílé ló sì wà lórí bíìlì rẹ̀. Ìlú kò mọ̀ yín rí. Tí bíìlì bá dé, ọ́fíìsì á pín in sórí ẹ̀yin ayálégbé: wọ́n á wo iye èèyàn tó wà nínú ilé, wọ́n á wo bí ilé ṣe fẹ̀ tó, ìṣirò kan wà tí wọ́n ń lò. Ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa pín in. Àwọn ọgbà kan tiẹ̀ ní mítà kékeré fún ilé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti onílé ni mítà yẹn, kì í ṣe ti ìlú. Owó tí ẹ bá wá san, inú àpò kan náà tí owó ilé ń bọ́ sí ló ń lọ. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń san gbèsè báǹkì, owó orí ilé, owó ẹni tó ń gé koríko, àti owó oṣù tèmi nígbà náà. Tí àpò bá gbẹ, ẹni tí kì í tètè pariwo ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Báǹkì máa ń tètè pariwo. Ìlú lè wò ó fún oṣù mélòó kan kó tó sọ̀rọ̀ gígé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé onílé tí nǹkan bá dà rú mọ́ lọ́wọ́, gbèsè omi ló máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò tíì sọ rí lójú ìwé yìí. Irú ìwé tí ẹ rí yẹn wọlé sí ọgbà tí mo ti ṣiṣẹ́, nígbà ooru ọdún kan. Ẹ̀ẹ̀kíní, máníjà wò ó, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, dúrọ́ọ̀ kan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fúnra wọn wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, máníjà sì rán ẹni tó ń bá wa tún nǹkan ṣe pé kó lọ ṣí i kúrò. Nígbà tí omi wá lọ, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá pè, kí n sọ fún un pé páìpù ló bẹ́. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń parọ́ lórí fóònù, nínú ooru Houston tí ẹ mọ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ń fi garawa ọ̀dà bu omi nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà láàárín ọgbà, wọ́n ń gbé e gun àtẹ̀gùn lọ da sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbàlagbà kan, ará Ọ̀yọ́, tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ, gbé korobá omi náà wọ ọ́fíìsì. Ó gbé e ka orí tábìlì mi, lórí ìwé owó ilé. Ó ní, "Ọmọ mi, páìpù wo ló bẹ́? Tó bá jẹ́ páìpù ni, ilẹ̀ ìbá ti tutù níbì kan. Mo ti rìn yí gbogbo ọgbà yìí ká láàárọ̀ yìí. Mi ò rí ibi tó tutù." Mi ò rí èsì fọ̀. Òórùn oògùn inú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ń jáde láti inú korobá yẹn, ó ń wọ̀ mí nímú. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọdún tó parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní tan yín pé torí ìyẹn nìkan ni. Owó oṣù wọn náà kò dára.

Nítorí náà, tí máníjà yín bá ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni, mo mọ ohùn yẹn dáadáa.

Òfin dúkìá Texas, orí 92, ẹsẹ 301, ni kí ẹ dì mú. Ohun tó sọ ni pé tí onílé bá ti gbà, yálà ó kọ ọ́ sínú àdéhùn tàbí ó hàn nínú ìṣe rẹ̀, pé òun ló máa pèsè omi tí òun á sì san owó rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ omi wá gé e, tàbí tí wọ́n kọ ìwé sí ayálégbé pé àwọn fẹ́ gé e torí pé onílé kò sanwó, ayálégbé lè gbé ìgbésẹ̀. Kò dìgbà tí ẹnu ẹ̀rọ bá gbẹ. Ìwé ìkìlọ̀ nìkan ti tó. Ẹ lè fọwọ́ ara yín san owó fún ilé iṣẹ́ omi kí wọ́n má bàa gé e, kí ẹ sì yọ iye tí ẹ san kúrò nínú owó ilé. Tàbí kí ẹ kọ̀wé pé ẹ fòpin sí àdéhùn, kí ẹ sì kó jáde láàárín ọjọ́ 30. Tó bá jẹ́ pé kíkó jáde lẹ yàn, owó ìdógò yín di ti yín, owó ilé tí ẹ san sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ ò ní lò náà di ti yín. Owó tí ẹ fi kó ẹrù, owó ibi tí ẹ kó ẹrù pamọ́ sí, owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù nítorí pé ẹ ń sá kiri, gbogbo rẹ̀ lẹ lè béèrè lọ́wọ́ onílé ní kóòtù. Ṣùgbọ́n tó bá ti mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ìlú pé òun ti san gbogbo gbèsè náà, ẹ ò tún lè máa yọ owó kiri mọ́.

Ẹ padà sórí ìwé tó pòórá yẹn. Ọjọ́ 30 tí mo sọ, ọjọ́ tí ìwé ìkìlọ̀ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ló ti ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí omi bá lọ. Ẹni tó bá ṣí ìwé kúrò lára ògiri, ọjọ́ yín ló ń jẹ. Lálẹ́ òní, ẹ kan ilẹ̀kùn kiri. Nínú ilé 180, ẹnì kan á ti fi fóònù ya fọ́tò ìwé náà. Ẹ má yọ àwọn aládùúgbò tó ń sọ èdè Sípéènì sílẹ̀, àwọn ni mo rí pé wọ́n máa ń ya fọ́tò nǹkan bẹ́ẹ̀ jù. Ẹ gba fọ́tò náà, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n yà á sílẹ̀.

Ibi tí òfin yìí ti ń dùn mí nìyí. Gbèsè omi ọgbà ilé 180 kì í ṣe dọ́là 300. Ká ní dọ́là 60,000 ni. Òfin ní ẹ lè san án. Ta ló máa san án? Tí ilé 150 bá gbà láti dá a, dọ́là 400 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin tí owó ilé yín jẹ́ 1,150 á wá san 750 fún onílé lóṣù yẹn. Ó dùn lẹ́nu. Mo ti jókòó sí ìpàdé ayálégbé tó tú ká nítorí pé wọn ò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má kó owó jọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe díákónì. Kí kálukú san tirẹ̀ tààrà sí nọ́ńbà àkáǹtì omi tó wà lórí ìwé ìkìlọ̀, kí ó sì gba rìsíìtì tirẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má fi owó náà lé máníjà lọ́wọ́. Ìlú ni kí ẹ san án fún.

Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ pe 311, nọ́ńbà fóònù ìjọba ìlú. Wọ́n lè ní àkáǹtì kì í ṣe ti yín, pé àwọn ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ pé ilé 180 ló ń lo omi yẹn, pé aláìsàn wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: èló ló máa dá gígé dúró báyìí? Iye yẹn àti gbogbo gbèsè lè jìnnà síra wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú Houston máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ̀yin bíi mẹ́wàá jọ lọ, kí ìyá yín jókòó síwájú tí orúnkún bá gbà wọ́n láyè. Kò sí ìlú tó fẹ́ kí wọ́n gbé e jáde lórí tẹlifíṣàn pé òun gé omi ìdílé 180 tó ti sanwó omi wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí onílé, èyí tí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ní kó fọwọ́ sí kó tó gbà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dé kóòtù. Ẹ kọ iye tí ẹ san, ọjọ́ tí ẹ san án, ẹsẹ 301, àti iye tí ẹ yọ. Ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ kan, ẹ gbé ìwé àdéhùn yín lọ sọ́dọ̀ àwọn lọ́yà Lone Star Legal Aid. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá kéré, wọ́n á sì wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ omi síbẹ̀, torí gbólóhùn kan nínú àdéhùn lè yí nǹkan padà. Tí onílé bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún mọ̀huru-mọ̀huru, tó fowó kún owó ilé tàbí tó gbé yín lọ sí kóòtù láàárín oṣù mẹ́fà nítorí pé ẹ lo ẹ̀tọ́ yín, ìgbẹ̀san nìyẹn lójú òfin Texas, ẹsẹ 331. Kóòtù kékeré tí wọ́n ń pè ní Justice Court, 16 ló wà ní Harris County tí Houston wà, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ tó tó dọ́là 20,000, ẹ sì lè dá dúró níbẹ̀ láìní lọ́yà. Tí owó ìwé ẹjọ́ bá wúwo, ìwé kan wà tí ẹ máa kún pé apá yín kò ká a.

Ní ti ìyá yín: ẹ ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lónìí, ẹ pọn omi mímu sí méjì, ẹ fi omi kún báàfù alẹ́ ọjọ́ tó bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ̀yin tó dàgbà ní Ìjẹ̀bú, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi omi pamọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ rìnrìn àjò tó tó báyìí kí ẹ tó tún wá máa ṣe é.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ilé alájà mẹ́ta ni tiwa, ìdílé mẹ́ta ló ń gbé e, ní West Philadelphia. Ilé iṣẹ́ omi kọ̀wé sí kálukú wa pé onílé jẹ gbèsè omi ọdún méjì, pé àwọn á gé e lẹ́yìn ọjọ́ 30. Gbogbo rẹ̀ lé ní dọ́là 4,000. Mo pe onílé. Yorùbá bíi tèmi ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ó ní tí mo bá fi san kọ́bọ̀ fún ìlú, òun á lé mi jáde, àbí mo fẹ́ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ní ilé ni. Ẹ gbà mí.*
*Arábìnrin nínú Olúwa, Philadelphia*

Arábìnrin, ibi tí ẹ wà dára ju ibi tí Ọmọ Ìjẹ̀bú òkè yìí wà lọ. Láti ọdún 1978 ni Pennsylvania ti ṣe òfin kan nítorí irú yín gan-an, Utility Service Tenants Rights Act, mo sì máa ń fẹ́ kí àwọn aṣòfin Texas kà á. Òfin náà ní kí ilé iṣẹ́ omi tó gé omi ilé tí ayálégbé ń gbé nítorí gbèsè onílé, kí wọ́n kọ̀wé sí onílé ní ọjọ́ 37 ṣáájú, kí wọ́n sì kọ sí ayálégbé ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Ìwé tó dé ọwọ́ yín nìyẹn, wọ́n ti ṣe ojúṣe wọn.

Ẹ gbàgbé dọ́là 4,000. Gbèsè onílé ni, kò kàn yín. Ohun tí òfin ní kí ẹ̀yin san kí omi má bàa lọ ni bíìlì ọjọ́ 30 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ìyẹn nìkan. Ká ní dọ́là 210 ni fún gbogbo ilé, 70 ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Lóṣù tó bá tẹ̀ lé e, wọ́n á tún kọ ti ọjọ́ 30 mìíràn sí yín, ẹ san án. Gbogbo ohun tí ẹ bá san, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Ẹni tó kọ òfin yìí mọ̀ pé ayálégbé lè san owó omi tó lò, kò lè san èyí tí onílé fi ọdún méjì kó jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ṣe yẹ kó rí.

Ìhàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Tí onílé bá gbẹ̀san lára ayálégbé tó lo ẹ̀tọ́ yìí, owó ilé oṣù méjì ni yóò san fún un, tàbí iye ohun tí ayálégbé náà pàdánù, èyí tó bá pọ̀ jù, pẹ̀lú owó lọ́yà. Tó bá sì jẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà ló ṣe é, kóòtù máa kọ́kọ́ gbà pé ìgbẹ̀san ni. Onílé ni yóò máa wá àlàyé. Bó ṣe sọ̀rọ̀ lórí fóònù yẹn, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i nísinsìnyí: "Ẹ kú ilé sà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lónìí pé tí mo bá sanwó omi ẹ máa lé mi jáde..." Kí ó fèsì o, kí ó má fèsì o, ó ti wà nílẹ̀.

Ohun mìíràn: ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi bóyá ẹ lè gba àkáǹtì sí orúkọ ara yín, kí ẹ sì béèrè ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tí wọ́n ń pè ní Tiered Assistance Program, èyí tó ń wo iye owó tó ń wọlé fún èèyàn kí wọ́n tó dá iye tó máa san fún omi.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé ó ti wà lọ́kàn yín láti gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Ẹ gbé e dé ọ̀hún tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ san dọ́là 70 yẹn. Pásítọ̀ á ní kí ẹ ní sùúrù, ilé iṣẹ́ omi kò sì ní sí níbi ìpàdé náà.

*Màmá, ẹ kú ojúmọ́. Peckham ni mò ń gbé, oyún oṣù méje wà nínú mi. Ìwé gbèsè omi pọ́n-ùn 480 dé, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́. Ọkọ mi kò tíì ríṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gé omi kí n tó bímọ.*
*Ìyá ìkókò lọ́nà, Lọ́ńdọ̀nù*

Ẹ lọ sùn, ọmọ mi. Ní England àti Wales, ilé iṣẹ́ omi kò gbọ́dọ̀ gé omi ilé tí èèyàn ń gbé nítorí gbèsè. Wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òfin 1999 ló fòpin sí i. Yíǹkì pupa kò lè ti omi pa. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n gbé yín lọ sí kóòtù nítorí owó, ìyẹn sì lè ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó, nítorí náà ẹ má ju ìwé yẹn sẹ́yìn àga. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n pín in sí kékeré lóṣooṣù, ẹ sì béèrè owó ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí owó kékeré ń wọlé fún. Tó bá jẹ́ onílé ló ń ti omi pa láti fi lé yín jáde, ìyẹn ti di ọ̀ràn lábẹ́ òfin 1977 tó ń dáàbò bo ayálégbé lọ́wọ́ ìlékúrò. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín ló ń bójú tó o. Ẹ ó sọ̀ layọ̀ o.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, ní Ṣómólú. Ẹnì méjì nínú ilé wa jẹ onílé lówó, ni bàbá náà bá já wáyà ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga-dẹ̀rọ, ó ní gbogbo wa la máa jẹ ẹ́. Èmi ti sanwó ọdún kan. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mò ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ǹjẹ́ a ní òfin kankan ní Èkó, àbí ti Amẹ́ríkà nìkan lẹ mọ̀?*
*Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, Ṣómólú*

O ṣeun fún èébú ìkẹyìn yẹn. Mushin ni wọ́n bí mi sí. Bàbá onílé wa máa ń fi àgádágodo sẹ́nu ẹ̀rọ omi ní aago mẹ́jọ alẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà lọ́rùn ìyàwó rẹ̀ kékeré. Ẹni tí òun àti ìyàwó náà kò bá jọ ń sọ̀rọ̀ kò ní wẹ̀. Nítorí náà, mo mọ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Òfin wà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, to ojúṣe onílé lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kò gbọ́dọ̀ dá ohun èlò tí gbogbo ilé jọ ń lò dúró, kò sì gbọ́dọ̀ dín in kù, àfi tí àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Kànga-dẹ̀rọ tí gbogbo yín jọ ń lò wà nínú rẹ̀. Òfin yẹn kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó dé Ṣómólú. Gbèsè ẹnì méjì, ẹnì méjì yẹn ni bàbá náà yẹ kó gbé lọ sí kóòtù. Ní Texas níbí, onílé tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ti omi ayálégbé pa láìjẹ́ pé ó ń tún nǹkan ṣe tàbí pé nǹkan pàjáwìrì ṣẹlẹ̀, owó ilé oṣù kan pẹ̀lú dọ́là 1,000 ló máa san, yàtọ̀ sí ohun tí ayálégbé pàdánù. Ti Èkó kò dárúkọ iye bẹ́ẹ̀ fún omi, ṣùgbọ́n o ní ẹsẹ̀ tí wàá fi dúró.

Má lọ fọwọ́ ara rẹ so wáyà náà. Mo mọ̀ pé ó ti ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná àti omi ni, bàbá náà á sì sọ pé ìwọ lo ba ẹ̀rọ jẹ́. Ya fọ́tò ibi tó já. Máa kọ iye tí o ń san fún mẹ́ruwà sílẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ẹ̀gì mélòó, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wá àwọn tó ti sanwó bíi tìrẹ nínú ilé náà, kí ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé kan, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó ni, wọn kì í gbowó. Wọ́n á ránṣẹ́ pe bàbá náà wá jókòó. Àgbàlagbà tó lè já wáyà lójú ọmọ ọdún 26 kì í fẹ́ ṣàlàyé wáyà yẹn lójú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Kọ̀wé sí mi padà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tó pe bàbá náà ló ti so wáyà yẹn padà, àbí lẹ́yìn rẹ̀.